Propranolol àti Metoprolol: Nígbà tí Ọwọ́ Ń Gbọ̀n, tí Ọkàn Náà sì Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọwọ́ wọn méjèèjì ti máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá fẹ́ gbé ife omi tàbí tí wọ́n bá ń kọ̀wé. Wọ́n kọ propranolol fún wọn, ọwọ́ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí wọn kò sì lè mí délẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá gun àkàsọ̀. Dókítà ọkàn ní ọkàn wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì kọ metoprolol fún wọn. Ẹnìkan wá sọ fún wa pé oògùn kan náà ni méjèèjì, pé orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ṣé kí wọ́n máa lo méjèèjì pọ̀ ni, àbí kí wọ́n ju ọ̀kan sílẹ̀? Èwo ló sì dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú jù nínú ìbéèrè yín. Kí Màmá má ṣe máa lo propranolol àti metoprolol pọ̀ nígbà tí dókítà tó kọ ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì wà nílẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe ju èyíkéyìí sílẹ̀ lójijì fúnra wọn. Bí wọ́n bá lo méjèèjì pọ̀, ọkàn lè máa lù díẹ̀díẹ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ wọn, kí wọ́n sì ṣubú; bí wọ́n bá sì dá propranolol dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn tí oògùn ti ń dì mú láti ọjọ́ pípẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nítorí náà, ẹ pe dókítà ọkàn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ sọ fún un pé Màmá ń lo propranolol, ẹ sọ iye mílígíráàmù rẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́, kí ẹ sì béèrè bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fara balẹ̀ ka ìyókù.

Ẹni tó sọ fún yín pé oògùn kan náà ni méjèèjì kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ìdílé oògùn tí à ń pè ní beta-blocker. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, tí a bá sáré tàbí tí inú bá bí wa, ara máa ń tú hòmóònù kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun àti noradrenaline tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló ń mú kí ọkàn máa lù kìkì, kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n. Àmọ́ àwọn ojú ibi kan wà lára ọkàn, lára iṣan àti nínú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ní láti gúnlẹ̀ sí kí iṣẹ́ wọn tó lè hàn. Ẹ lè fojú wo àwọn ibi náà bí ihò kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn. Ohun tí beta-blocker ń ṣe ni pé ó ń dí ihò náà kí kọ́kọ́rọ́ má bàa wọ̀ ọ́. James Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló darí ìwádìí tó bí propranolol ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ń wá ohun tí yóò dín iṣẹ́ ọkàn kù fún àwọn tí àyà ń dùn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn wọn tó. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ihò náà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó pọ̀ jù lára ọkàn ni à ń pè ní beta-1. Beta-2 ló pọ̀ ní ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró, nínú iṣan apá àti ẹsẹ̀, àti lára òpó ẹ̀jẹ̀. Propranolol kì í yan ọ̀kan nínú méjèèjì: bí ó ti ń dí beta-1 ni ó ń dí beta-2. Metoprolol ní tirẹ̀ ń yàn. Beta-1 ló dojú kọ, ó sì máa ń fi púpọ̀ nínú beta-2 sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí iye tí ènìyàn ń lò bá ti ń pọ̀ sí i ni yíyàn yẹn ń dín kù. Inú ìyàtọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọwọ́ Màmá, nípa ọkàn wọn àti nípa ewu oògùn méjèèjì ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ọwọ́ ná. Irú gbígbọ̀n tí ẹ ṣàpèjúwe, tó ń yọjú nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní essential tremor. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ó yàtọ̀ sí gbígbọ̀n àrùn Parkinson, èyí tó máa ń hàn jù nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí itan láìṣe nǹkan kan, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá kan, tí ara líle àti ìrìn tó ń falẹ̀ sì máa ń bá rìn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé levodopa àti àwọn oògùn bíi rẹ̀ ni à ń lò fún Parkinson. Fún essential tremor, propranolol wà lára oògùn méjì tí ẹ̀rí wọn lágbára jù lọ. Primidone, tó jẹ́ oògùn wárápá láti ìbẹ̀rẹ̀, ni èkejì.

Ohun tí propranolol ń ṣe fún ọwọ́ kò ju pé ó ń dín gbígbọ̀n náà kù. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lò ó, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló máa ń rí ìrọ̀rùn tó ṣe gúnmọ́, gbígbọ̀n náà sì lè dín kù tó ìdajì fún wọn. Kì í sábà lọ tán. Ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọwọ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún orí tàbí ohùn tó ń gbọ̀n lọ. Fún àgbàlagbà, dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 tàbí 20 mílígíráàmù, yóò sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dé nǹkan bí 120 mílígíráàmù lójúmọ́, àwọn mìíràn sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sí 240 tàbí 320. Dídí tí ó ń dí beta-2 inú iṣan apá ni a gbà pé ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì tún máa ń wọ inú ọpọlọ dáadáa. Wọ́n ti dán metoprolol náà wò fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tirẹ̀ kò lágbára tó ti propranolol. Nítorí náà, kí ó má yà yín lẹ́nu bí ọwọ́ Màmá bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jù ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yí oògùn padà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ìyípadà náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún Màmá ní bébà tí kò nílà àti báírò, kí wọ́n fi ọwọ́ tí wọ́n ń lò jù ya ìlà tó ń yí ara rẹ̀ po láti àárín bọ̀ síta, láìfi ọwọ́ ti tábìlì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ kọ wákàtí tí wọ́n lo oògùn gbẹ̀yìn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí oògùn tuntun, kí wọ́n tún ya òmíràn ní àkókò kan náà lójúmọ́. Bí dókítà bá gbé bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò rí bí ìlà náà ṣe ń já tàbí ṣe ń gbọ̀n, èyí sì ń sọ fún un ju kí ẹ sọ pé "ó dára díẹ̀" tàbí "ó burú díẹ̀" lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló wá wúwo jù. Propranolol kì í ṣe àjèjì sí ọkàn o. A ń lò ó fún àyà tó ń dùn nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, fún ọkàn tó ń sáré ségesège, àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 1982, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn fi hàn pé ikú dín kù ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọkàn tí kò lágbára láti fa ẹ̀jẹ̀ mọ́, bíi ti Màmá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Beta-blocker mẹ́ta ni ìlànà ìtọ́jú àwọn oníṣègùn ọkàn sábà máa ń dárúkọ fún un, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ìwádìí hàn pé wọ́n ń mú kí ènìyàn pẹ́ láyé: bisoprolol, carvedilol àti metoprolol succinate. Ti metoprolol succinate wá láti inú ìwádìí MERIT-HF, èyí tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Àwọn aláìsàn 3,991 ló kópa nínú rẹ̀, ikú sì fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó lo oògùn náà sí ti àwọn tó lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Propranolol kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ọkàn tó rẹ̀. Bí dókítà ọkàn bá kọ metoprolol fún Màmá dípò kí ó kàn fi propranolol sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ní ìdí tó múná dóko.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí pé báwo ni oògùn tó ń dẹ ọkàn lọ́wọ́ ṣe lè ran ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Nígbà tí ọkàn bá ń rẹ̀, ara máa ń tú adrenaline àti noradrenaline sí i láìdáwọ́ dúró kí ọkàn lè máa tiraka, títiraka yẹn gan-an ló sì ń ba ẹran ara ọkàn jẹ́ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Bí a bá dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ àṣejù yẹn, agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó lè dà bíi pé ara ń burú sí i. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ metoprolol succinate láti 12.5 tàbí 25 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí a sì máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí ara bá gbà á, títí dé 200 mílígíráàmù tàbí ibi tí ara aláìsàn lè gbà dé. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a kì í fi í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí omi ṣì kún ara, tí èémí sì ń já. A máa ń kọ́kọ́ fi oògùn tó ń mú ni tọ̀ fa omi náà kúrò. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ Màmá bá ṣì wú títí di òní, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó lo hóró metoprolol àkọ́kọ́. Ẹ tún rántí pé beta-blocker ni propranolol náà, ó sì lè dá kún wíwú ẹsẹ̀ àti èémí tó ń já nígbà tí ọkàn bá rẹ̀, pàápàá bí iye tí wọ́n ń lò bá pọ̀. Ìyẹn náà wà lára ìdí tí dókítà ọkàn fi gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wá bi mí pé èwo ló dára jù. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń gbọ̀n, tí ọkàn le, tí kò sì sí ikọ́ fée, propranolol ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ọkàn tó rẹ̀ nìkan ni, metoprolol succinate ni. Nígbà tí méjèèjì bá wà lára ẹnìkan ṣoṣo, ọkàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan oògùn, kí a sì wá ọ̀nà mìíràn fún ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìnira ni kí ènìyàn máa da omi sílẹ̀ lójú àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì ń tijú láti jẹun láwùjọ. N kò fojú kékeré wo ó rárá. Ṣùgbọ́n ọkàn tó rẹ̀ lè gba ẹ̀mí, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í gba ẹ̀mí.

Ọ̀nà mìíràn sì wà fún ọwọ́. Kí a tó fi oògùn kún oògùn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹṣẹ́ thyroid tó wà ní ọrùn wò, nítorí bí ó bá ń ṣiṣẹ́ jù, yóò mú ọwọ́ gbọ̀n, yóò sì dá ọkàn láàmú pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò jọ fún un pẹ̀lú: salbutamol tí wọ́n ń fà símú fún èémí, valproate tó jẹ́ oògùn wárápá, lithium tó jẹ́ oògùn àìsàn ọpọlọ, àti amiodarone tí wọ́n máa ń kọ fún ọkàn tó ń lù ségesège, gbogbo wọn ló lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, dókítà lè ronú nípa primidone, láti ìwọ̀n kékeré ní alẹ́. Ó máa ń kun àgbàlagbà lóorun, ó sì lè mú kí ẹsẹ̀ wọn má dúró dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó tún máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ àwọn oògùn mìíràn, títí kan warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti metoprolol fúnra rẹ̀, nítorí náà dókítà ọkàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Topiramate, tí òun náà jẹ́ oògùn wárápá, wà pẹ̀lú. Fún àwọn tí oògùn kò ràn rárá, iṣẹ́ abẹ tó ń fi wáyà iná mànàmáná sínú ọpọlọ ti wà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1997, wọ́n sì fọwọ́ sí èyí tó ń lo ìgbì ohùn láìla orí ní ọdún 2016. Ife tó ní ìdérí àti báírò tó nípọn náà máa ń ṣe ìrànwọ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí metoprolol náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí succinate, tàbí XL tàbí ER, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, òun sì ni ẹ̀rí ọkàn tó rẹ̀ dúró lé. Bó bá jẹ́ tartrate ni wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ tó sì ń yára lọ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ẹ pe dókítà tàbí apoògùn kí ẹ bi í bóyá òun gan-an ni wọ́n fẹ́ kí Màmá lò. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó rọrùn kí wọ́n fún ènìyàn ní ọ̀kan dípò èkejì, níwọ̀n bí metoprolol ti hàn gàdàgbà lára páálí méjèèjì. Hóró succinate tó ní ìlà ní àárín ṣeé dá sí méjì, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ rún un lẹ́nu tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́. Kápúsù propranolol tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ náà kò ṣeé ṣí. Kí Màmá máa lo metoprolol pẹ̀lú oúnjẹ tàbí kété lẹ́yìn oúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Ní ti ewu, ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ lo propranolol, nítorí beta-2 tí ó ń dí ni ọ̀nà èémí fi ń ṣí, òun náà sì ni salbutamol fi ń ṣiṣẹ́. Metoprolol sàn díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìṣọ́ra ṣì yẹ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba insulin ní láti mọ̀ pé oògùn méjèèjì lè bo àmì ṣúgà tó já wálẹ̀ mọ́lẹ̀: àyà lè má já, ọwọ́ lè má gbọ̀n, òógùn nìkan ni yóò máa bò ó. Verapamil àti diltiazem, tí àwọn kan ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, lè bá beta-blocker lọ́wọ́ láti mú kí ọkàn falẹ̀ jù. Fluoxetine àti paroxetine, tí wọ́n ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì (depression), máa ń mú kí metoprolol pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ ọ bó ṣe yẹ. Àárẹ̀, ọwọ́ tútù àti òòyì lè wáyé pẹ̀lú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àlá burúkú àti àìsùn wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i pẹ̀lú propranolol.

Ní àsìkò tí wọ́n bá ń yí oògùn padà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí Màmá bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n gun òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, kí ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ẹ sì fi ìka mú ọrùn ọwọ́ wọn láti ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ìwọ̀n wọn bá fi kílò méjì ròkè láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bí ọkàn bá ń lù tí kò tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá dákú, bí àyà bá ń dùn wọ́n, tàbí bí wọn kò bá lè mí nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn méjèèjì àti ìwé náà dání.